Òfin Kíláàsì Ìyáàfin Sówándé

"Yọ ọ́ kí o tó wọlé."

Tanímọ̀la ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú kíláàsì kí ó tó rántí. Ó fà sẹ́yìn, ó ki ìka bọ etí, ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ ògbufọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì sọ ọ́ sínú abọ́ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, láàárín ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ti kan omi ni iná inú rẹ̀ kú.

"Òfin kìíní?" Ìyáàfin Sówándé bi í.

"Etí lásán, ojú lásán, mà."

"Ìkejì?"

"Ọwọ́ ara mi ni n ó fi kọ ọ́."

"Ìkẹta?"

"Bí mo bá yá èrò ẹlòmíràn lò, n ó dárúkọ ẹni tó ni ín."

"Ìkẹrin?"

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. Kò sí èyí tí kì í rẹ ohùn sílẹ̀ nínú wọn bí wọ́n bá dé ìdí ìkẹrin. "Bí mo bá jí èrò, ilẹ̀kùn ìwé yóò tì mọ́ mi."

"Wọlé, kí o jókòó."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ kíláàsì lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Ọyẹ́. Ní àwọn kíláàsì yòókù, ìlẹ̀kẹ̀ kì í kúrò létí ọmọ; bí olùkọ́ bá ń fi èdè Ṣáínà kọ́ wọn ní ìṣirò, Yorùbá ni wọ́n ń gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn lórí òkè náà, àfi Ìyáàfin Bọ́látitó Sówándé àti àwọn tí ó ti kọ́. Òun ló kọ òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lára ilẹ̀kùn. Òun náà ló so ìgò òògùn òfìfo kan kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Lọ́dọọdún, ọmọ kan á ṣáà béèrè ìdí tí wọ́n fi ń jìyà lórí èdè tí ìlẹ̀kẹ̀ lè túmọ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú, Ìyáàfin Sówándé á sì nawọ́ sí ìgò náà.

"Ní ọdún tí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ dákẹ́, ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ní èyí mu. Òògùn tí a fi ń para ni, kì í ṣe mímu. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gbangba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà mọ́."

Bí ọmọ náà bá gbójú, á tún béèrè pé kí ló wá kan ìtàn nínú rẹ̀, ṣé kì í ṣe ara ìgò nìkan ló yẹ kí àwọn kọ́ láti kà. Obìnrin náà á ní, "Ẹni tó bá lè gbọ́ ohun tí èèyàn inú ìtàn kò sọ, kò ní í ṣi ohun tí ìgò sọ gbọ́."

Láti inú kíláàsì yìí ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ń mú Òǹkàwé, ẹni tí yóò máa jókòó lọ́dọ̀ wọn láti fi ojú lásán ka ìwé àtijọ́, òfin àtijọ́, àti àkọlé ara ẹ̀rọ tí ń fa omi gòkè. Ìyáàfin Sówándé ni Òǹkàwé àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ta kókó fún wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e padà wá. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé e padà wá. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n tí ó bá gbúròó ẹsẹ̀ wọn lójúde, á kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé kó tó dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni Moyọ̀sórẹ dé.

Ọmọ ará Etí-Omi ni, ara àwọn tí òkun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn tí wọ́n gòkè wá pẹ̀lú ẹrù orí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fún wọn láyè, níbi tí òjìji àwọn òpó afẹ́fẹ́ tí ń fún ìlú ní iná kì í ti í jẹ́ kí oòrùn tan dáadáa. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í wo ojú àgbà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, kò mọ ju lẹ́tà mélòó kan lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí òjò tó dá, ó ti ń ka ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jìjàkadì lé lórí. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó ti ń béèrè ìbéèrè tí Ìyáàfin Sówándé ní láti lọ sùn lé lórí.

Lákọ̀ọ́kọ́, inú olùkọ́ náà dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Àfi ìgbà tí ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá béèrè nǹkan nínú kíláàsì, ojú Moyọ̀sórẹ ni àwọn ọmọ yòókù ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó dáhùn. Ó ṣàkíyèsí pé Ọ̀gá Oyèníran, tó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́, ti ń dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ń kàwé. Lọ́jọ́ kan, bí òun àti Ìyáàfin Sówándé ṣe jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, èyí á jù yín lọ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Ìyáàfin Sówándé náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó délé, ó da oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú kò fẹ́ ẹlòmíràn lé e; kò mọ bí ilé orogún ti ń rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti mọ bí ó ṣe ń rí kí èèyàn gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn láti yàrá kejì, kí àyà rẹ̀ sì máa gbóná. Bí ọmọ náà bá pe ọ̀rọ̀ kan dáadáa, á máa dùn ún. Bí ó bá ṣì í pè, inú rẹ̀ á dùn, ìdùnnú náà á sì tún máa tì í lójú.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, Moyọ̀sórẹ ni ó kàn láti ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìtàn Hánà.

Ìtàn àtijọ́ ni, ti obìnrin kan ní etí òkun ilẹ̀ òyìnbó, tí ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ tí kò padà. Lálaalẹ́, Hánà á gbé àwo méjì sórí tábìlì, á jẹun nínú ọ̀kan, á sì fọ méjèèjì. Láti ìgbà ọmọge ni Ìyáàfin Sówándé ti ń ka ìwé náà. Ó ti sunkún lé àwo kejì yẹn lórí. Ó ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pé bí ìfẹ́ ti ń dúró de ẹni rẹ̀ nìyẹn.

Moyọ̀sórẹ jáde síwájú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí Ayẹròwò, ẹ̀rọ dúdú pẹlẹbẹ kan tó rí bí ọlọ. Ìyáàfin Sówándé na ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ lókè, olùkọ́ nísàlẹ̀. Bí èrò bá jẹ́ ti ẹni tó ń kà á, abẹ́ ẹ̀rọ á tutù bí ìdí àmù. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, á gbóná. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè kì í mọ nǹkan kan. Olùkọ́ ló ń mọ̀, òun ló sì ń kéde.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ará Etí-Omi, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó kọ ni pé Hánà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwo kejì kì í ṣe fún ọkọ, fún àwọn ará àdúgbò tó ń yọjú lójú fèrèsé ni. Níwọ̀n ìgbà tí àwo ọkọ bá ti wà lórí tábìlì, ìyàwó ni wọ́n ń ka Hánà sí, kì í ṣe opó. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fà á fún ọkùnrin mìíràn.

"Àwọn atukọ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn," ó kà á parí. "Kò bi ẹyọ ẹnì kan nínú wọn léèrè ọkọ rẹ̀ rí."

Ìyáàfin Sówándé ń ṣí ìwé náà ní ọkàn rẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì, ó ń wá ibi tí Hánà ti béèrè. Kò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ rí. Ó ti ka ìwé yìí di arúgbó, kò rí i, ọmọ tó dé láìpẹ́ yìí rí i.

Abẹ́ Ayẹròwò tutù débi pé ó ń dun egungun ìka rẹ̀.

"Ó gbóná," ó wí.

Ariwo kékeré kan là kọjá láàárín àwọn ọmọ. Moyọ̀sórẹ gbé ọwọ́ kúrò, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan lè ti kù síbẹ̀. Kò sẹ́. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì padà sí àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó tì í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ìyáàfin Sówándé gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ni wọ́n retí lọ́wọ́ ará Etí-Omi, kò sì bá a wí.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, olùkọ́ náà dúró nínú yàrá ìkàwé, ó ń nu eruku lára àwọn ìwé tí kò ní eruku. Ó ń retí kí ọmọ náà wá bá òun jà. Ó ti to èsì sílẹ̀. Bí ó bá lè jà, yóò rọrùn.

Moyọ̀sórẹ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ má bínú, mà. Mo wá kí ẹ bá mi wá a ni."

"Kí ni?"

"Ẹni tó ni èrò náà. Mo ti délé lọ bi ìyá mi bóyá òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ Hánà rí. Mo bi Tanímọ̀la, mo bi gbogbo àwọn tí a jọ ń jókòó. Mo mọ̀ pé mo ní láti ti gbọ́ ọ níbì kan. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ẹ̀yin náà kì í purọ́."

Ìyáàfin Sówándé tún nu ìwé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. "Báwo ló ṣe wá sí ọ lọ́kàn?"

"Mò ń fọ àwo nílé ni. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ń fọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀. Mo ní, kí ni èyí fún?" Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mà, ó ní láti jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ka ìwé náà fún wa. Bóyá ohùn yín ni mo ti gbọ́ ọ. Bóyá ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn fẹ́ kí a fúnra wa rí i ni."

Olùkọ́ náà kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Máa lọ sílé. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Oyèníran jókòó sí gbọ̀ngàn, àwọn olùkọ́ lọ́tùn-ún, àwọn ọmọ kíláàsì náà lósì. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì fi pamọ́. Ó ní kí Moyọ̀sórẹ dìde, ó sì bi í bóyá ó ní ohunkóhun láti sọ kí wọ́n tó lo òfin kẹrin.

"Òfin kẹta ni mo fẹ́ lò, sà," ọmọ náà dáhùn. "Mo yá èrò náà ni, n kò mọ̀ pé mo yá a. Ìyáàfin Sówándé ló ni ín."

Ọ̀gá Oyèníran yíjú padà. Ìrètí ti ń yọ lójú rẹ̀. "Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí ẹ bá gbà pé tiyín ni, kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ipò Òǹkàwé tí ìgbìmọ̀ fẹ́ fi í sí á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí kò dárúkọ ṣáájú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìwé kò ní í tì mọ́ ọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí n má purọ́, nígbà tí mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé lánàá, mo ní ọmọdé kọ́ ló ni irú èrò yìí. Àgbà ló ni ín. Mo ti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ láti àná."

Gbogbo ojú wà lára Ìyáàfin Sówándé. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè pé kí ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ; òun ló ń fi ẹ̀rọ wo àwọn ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan péré ni. Ọmọ náà á bọ́, òun á sì ni Hánà padà, ju bí òun ti ṣe ni ín tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á máa sọ ọ́ ní ìgbìmọ̀ pé Sówándé ló rí i. Bí òun bá kú, wọ́n á ṣì máa sọ ọ́.

Ó wo Moyọ̀sórẹ. Ìbẹ̀rù ti kúrò lójú ọmọ náà. Ayọ̀ ló wà níbẹ̀, ayọ̀ ẹni tó rí ẹni tó ni ẹrù tó ń wúwo lọ́rùn rẹ̀.

"Inú mi dùn pé tiyín ni, mà," ọmọ náà wí. "Láti òní lọ, bí nǹkan bá wá sí mi lọ́kàn, ọ̀dọ̀ yín ni n ó kọ́kọ́ gbé e wá, kí n tó gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Ìyáàfin Sówándé lára. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń yọ ohùn ẹlòmíràn kúrò létí àwọn ọmọ. Wàyí o, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọ̀kan bọ orí ọmọ yìí, kò sì sí abọ́ omi tí yóò pa iná rẹ̀.

"Ó tutù," ó wí.

"Kí ló tutù?" Ọ̀gá Oyèníran béèrè.

"Ayẹròwò. Lánàá, nígbà tí ọmọ yìí ń kàwé. Kò gbóná. Ó tutù ju bí mo ti mọ̀ ọ́n rí lọ. N kò rí ohun tí ó sọ nípa Hánà rí láyé mi. Òun ló rí i." Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Mo jowú rẹ̀ ni. Kò sí ìdí mìíràn."

Ọ̀gá Oyèníran bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

"Ìyáàfin, ẹni tó sọ pé èrò kì í ṣe ti ẹni tó ni ín, kí ni òfin pè é?"

"Olè. Òfin kò yọ olùkọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti pa àmì ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé. Ó lọ dán an wò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ilẹ̀kùn bí ó ti máa ń ṣe, ilẹ̀kùn náà kò mira. Ó jáde sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó jókòó sórí pèpéle òkúta tó kọjú sí àfonífojì, níbi tí àwọn òpó afẹ́fẹ́ ti ń yí. Ó rò pé òun á sunkún. Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ẹkún. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ láti inú gbọ̀ngàn, wọ́n ń pe orúkọ Moyọ̀sórẹ, àyà rẹ̀ sì tún ń gbóná gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ti rò pé bí èèyàn bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀, á lọ.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó wá. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ìwé Hánà wà lábíyá rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún yín, mà?"

"O kò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Mo bi ìyá mi. Mo bi àwọn èèyàn kiri bí ẹni tó ya wèrè. Mo sùn lánàá, mo ń bínú sí orí mi." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo bẹ orí mi pé kó má tún ronú mọ́."

Ìyáàfin Sówándé ní, "Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ ṣì ń jowú mi?"

Ó yẹ kí ó ní rárá. Àgbà mìíràn á ti ní rárá. "Mo ṣì ń jowú rẹ."

Moyọ̀sórẹ mi orí, bí ẹni tí wọ́n dá lóhùn bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ ọn lára. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó kẹ́yìn.

"N kò tíì dárí jì yín, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá kà á níwájú ìgbìmọ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ kan sì wà níbí tí kò yé mi. Wọ́n ní Hánà wà nídìí tábìlì, 'still'. Mo mọ̀ pé ó túmọ̀ sí pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé nǹkan mìíràn tún wà ní abẹ́ rẹ̀."

Ìyáàfin Sówándé mọ nǹkan mìíràn náà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n lórí òkè náà. Ìwé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kíláàsì ti bọ́, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló kù tí ó ní tí ọmọ náà kò ní.

"Ìtumọ̀ méjì ló ní," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó lè jẹ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀, bí o ti wí. Ó sì lè jẹ́ pé ó wà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò mira rárá. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì wà. Èmi máa ń kà á bí ìbànújẹ́ ni."

Ètè ọmọ náà ń mì. Ó ń fi ìtumọ̀ kan sórí èkejì, olùkọ́ náà sì ń wò ó.

"Nígbà náà kì í ṣe ìbànújẹ́," Moyọ̀sórẹ wí. "Kò mira, nítorí kò sí ẹni tó lè mì í mọ́. Ìdí tó fi ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó borí wọn."

Owú náà ta Ìyáàfin Sówándé, ó wọlé ṣinṣin, bí ìgbà tí ìjàlọ bá buni jẹ lábẹ́ aṣọ. Ó jẹ́ kó ta á. Lẹ́yìn náà ó sún sí ẹ̀gbẹ́ lórí pèpéle náà kí ọmọ náà lè rí ibi jókòó.

"Tún un sọ," ó wí. "Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa."